Ohùn Tí Arántí Kò Mọ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Ọ̀gá Wéré-wéré ti dé láti ìrìn àjò. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nínú ìwé yìí nìkan, torí pé gbogbo nǹkan ló máa ń fẹ́ kó yá wéré. Ẹni tó bá ṣi ohùn fi sí orúkọ náà ti bú u nìyẹn — iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi pè wá sí yàrá ìpàdé. Èmi àti Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Àwa méjèèjì là ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ò burú, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá bá ní kó fi orí rìn, á ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà", á wá béèrè ibi tí kóun rìn dé.

Ọ̀rọ̀ rèé. Ilé ìwòsàn ńlá fẹ́ ra ètò wa, èyí tó ń ka ara páálí oògùn sétí àwọn tí kò ríran. O gbé fóònù sún mọ́ páálí, ó kà á fún ẹ ní Yorùbá tó já gaara. Ọ̀gá ní ó ti wúwo jù. A ó yọ ohùn èèyàn tó wà níbẹ̀, a ó fi ohùn ẹ̀rọ tí òun rà bọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi: kí n to orúkọ gbogbo fáìlì tó wà lọ́wọ́ Arántí, ẹ̀rọ tí a ń kó iṣẹ́ wa pamọ́ sí, kí n sẹ́ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ohùn kúrò, kí n kó ìyókù fún òun. Ó fẹ́ fi han àwọn ará ilé ìwòsàn pé ẹrù wa fúyẹ́.

Sẹ́ ẹ. Bí a ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ omi ló ní lọ́kàn. Èmi gbọ́ èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ ènìyàn.

Nítorí pé ohùn tó ń sọ yẹn, ohùn Ìyá Olùkọ́ ni. Ó kọ́ mi níwèé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ti fẹ̀yìn tì kó tó wá ka gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀rọ fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn náà ni àìsàn mú un lọ́nà ọ̀fun. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀mí rẹ̀ yè, ohùn lọ. Kò lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mọ́.

Mo kó ìwé mi jọ, mo dìde. Ọ̀gá rò pé mo gbà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má baà rò lọ́la pé mo ń ṣàsọdùn.

Arántí ni mò ń pe ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iṣẹ́ wa. Fáìlì tí o bá ti fi lé e lọ́wọ́, ó mọ̀ ọ́n: ó mọ bó ṣe rí lánàá, bó ṣe rí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tó fọwọ́ kàn án, ọjọ́ tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n èyí tí o ò bá fi lé e lọ́wọ́, kò kàn án, kódà kó wà nínú fódà kan náà. Bí àlejò tó sùn sílé tí onílé ò mọ̀ pé ó wọlé.

Ní àárọ̀ mo ní kó to gbogbo ohun tó mọ̀ fún mi. Ó tò ó. Ojú kọ̀ǹpútà kún, orúkọ ń sáré lọ sókè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ. Fi èyí tó wà nínú fódà àwòrán nìkan hàn mí. Ó fi hàn. Fi èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí báyìí-báyìí hàn mí. Ó fi hàn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, mi ò ní parọ́ — kí èèyàn béèrè ohun kan pàtó, kí wọ́n sì dá a lóhùn pàtó. Ilé ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì ò rí bẹ́ẹ̀.

Mo wá ní: fi èyí tó wà nínú fódà ohùn hàn mí.

Fáìlì kan.

Ẹyọ kan ṣoṣo, àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí Ìyá Olùkọ́ kà. Ohùn fúnra rẹ̀ — òfo.

Mo rò pé mo ṣì í tẹ̀ ni. Mo tún un tẹ̀. Òfo. Ó dáa, fi èyí tí o ò mọ̀ hàn mí, èyí tó kàn wà níbẹ̀. Òfo. Mo wá rántí fáìlì kékeré kan tí a fi ń sọ fún Arántí pé "àwọn wọ̀nyí, má wò wọ́n". Mo ṣí i. Ìlà kejì: gbogbo fáìlì tó bá jẹ́ ohùn, má wò ó. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kí èmi tó dé ló kọ ọ́ síbẹ̀, bóyá torí pé ohùn máa ń wúwo. Ẹni yẹn ti lọ sí ìlú mìíràn tipẹ́. Gbogbo ohun tí Ìyá Olùkọ́ kà, Arántí ò fojú kàn án rí.

Ibo ló wá wà? Ibì kan ṣoṣo ni. Orí Àgbà, kọ̀ǹpútà àtijọ́ inú yàrá ìkẹ́rùsí, tó ń hanrun bí ẹni tó sùn tó gbàgbé. Orí rẹ̀ ni wọ́n gba ohùn náà sí, orí rẹ̀ náà ni fóònù àwọn èèyàn ti ń fà á. Tí Àgbà bá lọ, ohùn Ìyá Olùkọ́ kú nígbà kejì.




Ọjọ́rú, 6

Mo sọ fún ọ̀gá. Inú rẹ̀ dùn! Ó ní, "Ó mà dáa o. Iṣẹ́ dín kù nìyẹn. Ohun tí kò sí lórí àkọsílẹ̀, kí la fẹ́ yọ?" Ó ní àwọn tó ń ra kọ̀ǹpútà àlòkù ń bọ̀ wá gbé Àgbà ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Bẹ́ẹ̀ni-Sà nù ún mọ́ tinú-tòde kí wọ́n tó dé. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ó wá jẹ́ ká gbọ́ ohùn tuntun. Obìnrin inú ẹ̀rọ, ohùn dídùn, bí ẹni tó ń polówó ọṣẹ. Ó ní: "Ẹ mu òógùn yín."

Ẹ mu òógùn yín! Kí èèyàn máa lá ara rẹ̀ nítorí ibà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ni-Sà wo ojú ọ̀gá ná kó tó mọ̀ bóyá kóun náà rẹ́rìn-ín. Ó tún ní kí á lò ó ní igbá mẹ́ta lójúmọ́. Igbá, kì í ṣe ìgbà. Orí páálí kẹta ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Páálí ní: ẹ máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀rọ ní: "Ẹ má lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́."

Mo ní, "Ọ̀gá, ó ní kí wọ́n má lò ó."

Ó ní, "Wọ́n á mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ Yorùbá ṣáà ni wọ́n."

Mo ní ẹni tí kò ríran ò lè wo páálí láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí n má fi ẹnu mi ba ọjà òun jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣèlérí — ó sọ ọ́ lójú Bẹ́ẹ̀ni-Sà — pé ohùn náà ò ní dé orí fóònù ẹnikẹ́ni títí ilé ìwòsàn á fi gbà á wọlé. Mo gba ìyẹn gbọ́.


Ọjọ́bọ̀, 7

Mo yà sọ́dọ̀ Ìyá Olùkọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Yàrá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, fèrèsé tó kọjú sí okùn aṣọ àwọn ará ilé kejì. Ó fi aṣọ funfun bo ọrùn. Pátákó kékeré tó fi ń sọ̀rọ̀ wà lórí itan rẹ̀. Bó ti wù kó bínú tó, kò ní fo àmì ohùn kan lórí pátákó yẹn.

Mi ò fẹ́ sọ fún un. Ojú mi ló tú mi fó. Ó kọ ọ́: "Kí ló dé? Ojú rẹ rí bí ọjọ́ tí o jẹ ṣọ́ọ̀kì mi." Mo bá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀.

Ó gbọ́ ọ délẹ̀. Ó nu pátákó. "Ṣé mo ti kú ni?"

Mo ní rárá, mà.

Ó nù ún. "Ṣé o wá bá mi kẹ́dùn ni?"

Mo ní rárá, mà.

Ó nù ún. "Kí lo wá ń ṣe níbí? Lọ kó o kúrò níbẹ̀."

Mo ní ọ̀gá ò ní gbà. Ó wò mí bí ìgbà tí mo bá ka ìwé tí mo fo ìlà kan. Ó wá kọ ọ́ gùn, tó jẹ́ pé etí pátákó ló ti parí rẹ̀: "Kì í ṣe nítorí ohùn mi. Ohùn mi ti lọ, mo ti sunkún rẹ̀ tán. Ẹnì kan jókòó síbì kan tó di oògùn mú tí kò lè rí i. Òun ni mo kà á fún. N kò kà á fún ọ̀gá rẹ."

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan pátákó, kọ́-kọ́. Mo yíjú. "Má sunkún ní títì."

Mi ò sunkún ní títì. Mo dúró dìgbà tí mo délé.


Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí. Ọ̀gá ní rárá. Mo ní kó jẹ́ kí n yọ ìlà kejì yẹn. Ó ní rárá. Ó béèrè orúkọ àwọn fáìlì tó ní kí n sẹ́. Mo ní rárá. Ó dùn lẹ́nu mi ju bí mo ṣe rò lọ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Mo fọ aṣọ. Mi ò ro ọ̀rọ̀ náà rárá. Irọ́ ni.


Ọjọ́ Àìkú, 10

Bọ̀dá mi pè. Láti kékeré ni kò ti ríran, ìyẹn ò sì ní kó má di lọ́yà tí àwọn lọ́yà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kún ẹnu rẹ̀. Ó ní òun á fi ẹnu fọ́ àwọn yẹn túútúú. Dókítà ti pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Mo ní ṣé ó ń lò ó dáadáa? Ó ní, "Bí ẹ̀rọ rẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ni mò ń ṣe, àbúrò mi." A jọ rẹ́rìn-ín.


Ọjọ́ Ajé, 11

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti bá a sẹ́ àwọn fáìlì náà. Ọ̀gá ní kí n jókòó láìfọwọ́ kan nǹkan kan títí orí mi á fi wálé. Mo jókòó. Mo mu omi. Mo wo ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí bí ológbò ṣe ń wo ẹja.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Bọ̀dá mi ṣubú.

Lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́. Òyì kọ́ ọ, ó yí dé ìsàlẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ ló pè mí. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n gbé e lọ. Iwájú orí rẹ̀ là, wọ́n rán an. Ọwọ́ òsì wú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru dé ibi tí dókítà fi ń mi orí. Ó sùn. Ìyàwó rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹni pé ó fẹ́ fò lọ.


Ọjọ́rú, 13

Ilẹ̀ ti ṣú, ó sì ti rẹ̀ mí. N ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá mi ti jí nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀. Obìnrin kan dúró ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó wọ kóòtù funfun, ó fi awò ojú kọ́rùn, ó mú páálí oògùn rẹ̀ dání. Ọ̀gá àwọn apòògùn ilé ìwòsàn náà ni. Màdámù Apòògùn ni mo ń pè é níbí. Ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló ní kó máa lo oògùn yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́sàn-án.

Bọ̀dá ní, "Ẹ̀rọ ni, màdámù. Ẹ̀rọ àbúrò mi."

Mo ní, "Bọ̀dá, kí ló wí?"

Ó táwọ́ wá fóònù, ó gbé e sún mọ́ páálí. Obìnrin apolówó ọṣẹ ló dáhùn. "Ẹ má lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Ohùn Ìyá Olùkọ́ kọ́ nìyí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló yí padà. Mo rò pé ìwọ lo tún un ṣe. Ó ní kí n má lò ó láàárọ̀, kí n má lò ó lálẹ́. Mo ní ó ti di ọ̀sán nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú ọgbẹ́ sì dùn ún. "Etí nìkan ni mo ní, àbúrò mi. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ ni mo máa gbà gbọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyẹn ni pé ọ̀gá ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé lẹ́yìn wa, ìlérí rẹ̀ ò sì tíì pé ọjọ́ mẹ́rin.

Màdámù Apòògùn ní kí Bọ̀dá tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó béèrè ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ́wọ́ mi. Mo dárúkọ rẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó ń bọ̀ wá bá wa ṣèpàdé lọ́jọ́ Ẹtì?" Mo ní àwọn náà ni, mà. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ ka páálí náà fún Bọ̀dá, díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ.

Mo gba ọ́fíìsì lọ. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀. Mi ò yọ́ rìn. Ọ̀gá ti jáde lọ jẹun. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo mú un. Bẹ́ẹ̀ni-Sà dìde dúró. Ó ní, "Wọ́n ní ká má —" Mo ní, "Mo mọ ohun tí wọ́n ní."

Àgbà kún fún eruku. Wọn ò tíì nù ún. Gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀, fáìlì kan fún ọ̀rọ̀ kan: ojú, etí, ẹnu, àárọ̀, ẹ máa, ẹ má. Mo tẹ "ẹ máa". Ohùn Ìyá Olùkọ́ jáde nínú yàrá eléruku yẹn, ó fa "máa" náà débi tí ó yẹ kó fà á dé, bí ẹni tó ń na aṣọ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Mo da gbogbo ẹ̀ kọ sórí fíláàṣì.

Nídìí tábìlì mi, mo kọ́kọ́ yọ ohùn apolówó ọṣẹ kúrò lórí fóònù gbogbo èèyàn. Mo da ti Ìyá Olùkọ́ sórí kọ̀ǹpútà tuntun tí ọ̀gá rà rọ́pò Àgbà, mo ní kí wọ́n máa fà á láti ibẹ̀. Mo wá yíjú sí Arántí: gba àwọn wọ̀nyí. Ó kọ̀. Ó ní wọ́n ti ní kóun má wo irú wọn. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan wà fún irú ọjọ́ yìí, tí a fi ń sọ fún un pé kó gbà á tipátipá. Àṣẹ alágídí. Mo ti lò ó rí, kò dùn mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí rí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbà. Mo pa ìlà kejì rẹ́. Mo kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, orúkọ mi sì wà lórí rẹ̀ gbàgàdà. Mo ní kó to fódà ohùn fún mi. Ó ń tò ó, ó ń tò ó.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá bá mi.

"Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó fún mi. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ẹ kà á."

"Yọ ọ́ kíá."

"Mi ò yọ ọ́."

Mo sọ ti Bọ̀dá fún un. Àtẹ̀gùn, orí tó là, ohùn ẹ̀rọ. Mo ní, "Ẹ ṣèlérí fún wa." Ó ní àgbàlagbà ni ẹ̀gbọ́n mi, ó yẹ kó bi dókítà. Tí kì í bá ṣe pé tábìlì wà láàárín wa!

Ó kọjú sí Bẹ́ẹ̀ni-Sà. "Ìwọ, yọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí bọ́tìnnì, ó kó wọn lé itan. Ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, sà."

Ó ṣì fi "sà" sí i o! Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Ọ̀gá jókòó sórí àga mi. Mo ní, "Ẹ lè yọ ọ́. Kò ṣòro, mo lè fi ibi tẹ́ ẹ ó tẹ̀ hàn yín. Ṣùgbọ́n ó ti wọlé. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, Arántí á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ yọ ọ́, orúkọ yín, ọjọ́ òní. Ẹni tó bá fẹ́ á sì dá a padà." Ìka rẹ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́. Ó wá fà á sẹ́yìn, ó fi nu ẹnu.

Ó ní kí n jáde, kí n má padà wá.

Mo mú ife omi mi àti báàgì. Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ìyẹn ló ń dùn mí báyìí, ó yẹ kí n gbá a.


Ọjọ́bọ̀, 14

Wọ́n á ti gbé Àgbà lọ. Kí wọ́n máa gbé e lọ. Kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn mọ́.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Wọ́n ti dá Bọ̀dá mi sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Ọwọ́ òsì wà nínú báńdéèjì. Inú ń bí i nítorí ẹjọ́ tí wọ́n sún síwájú, kò sí nǹkan mìíràn tó ń bí i nínú. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ọ̀nà wo ló gbà bọ́?" Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún ibi tí Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti kó ọwọ́ lé itan sọ. Mo tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ìyàwó rẹ̀ fi sáré wọlé pé kí ojú ọgbẹ́ má ṣí.

Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Olùkọ́. Ó ka ojú mi, ó kọ ọ́: "Wọ́n lé ọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó kọ: "Ó dáa. Jókòó jẹun."


Ọjọ́ Ajé, 18

Bẹ́ẹ̀ni-Sà pè mí láti ìta, mò ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ ròyìn ìpàdé ọjọ́ Ẹtì. Òun àti ọ̀gá ló lọ.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ ti fúyẹ́. Màdámù Apòògùn kò bá a jiyàn. Ó mú páálí kan jáde nínú àpò, oògùn Bọ̀dá mi gan-an, ó ní kí wọ́n kà á fóun. Ohùn Ìyá Olùkọ́ ló jáde. Ẹ máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀gá yára ní, "A rí i pé a tọ́jú ohùn yẹn dáadáa, mà."

Màdámù ní, "Ta ni 'a'?"

Ó ní kí Bẹ́ẹ̀ni-Sà ṣí ibi tí a ń tọ́jú iṣẹ́ sí, kó fi ẹni tó fi ohùn síbẹ̀ han òun. Bẹ́ẹ̀ni-Sà fi hàn án. Orúkọ mi, àti ohun tí mo kọ tì í: "Mo fi tipátipá kó o wọlé nítorí pé ohùn kejì ń sọ fún aláìsàn pé kó má lo oògùn." Màdámù kà á sókè, tòun ti àmì ohùn. Ó ní, "Ẹni yìí dà?" Ẹnì kan ní wọ́n ti lé e, Màdámù sì kó páálí rẹ̀ sápò. Ó dìde. Ó ní tí wọ́n bá rí i, kí wọ́n padà wá.

Mo ní, "Ìwọ lo sọ fún un pé wọ́n ti lé mi?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kò sí sà níbẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Ọ̀gá wá sílé mi. Òun fúnra rẹ̀! Ó jókòó sórí àga kíṣìnì torí pé aṣọ tí mo kó wálé wà lórí àwọn àga yòókù. Mi ò kó wọn kúrò.

Ó ní kí á gbàgbé ohun tó ti kọjá. Mo ní mi ò tíì gbàgbé. Ó ní kí ni mo fẹ́?

Mo ní kò sí ẹni tó máa dá yọ ohùn kan kúrò mọ́, òun náà wà níbẹ̀. Ó ní ó dáa. Mo ní ohùn kankan ò ní dé fóònù títí ẹni tí kò ríran á fi gbọ́ ọ tán tó sì fọwọ́ sí i. Ó ní ó dáa. Mo ní oògùn tuntun ń wọlé lójoojúmọ́, a nílò ọ̀rọ̀ tuntun, a nílò ẹni tó máa kà á — Ìyá Olùkọ́ ló máa yàn án, òun ló máa kọ́ ọ, kó gba owó oṣù bíi ti gbogbo wa.

Ó ní, "Kí ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fẹ́ ṣe nídìí iṣẹ́ ohùn?"

Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo dì í mú.

Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wò mí. "Ó dáa. Ó dáa. Tì í."

Mo ní ó ku kan. Kó lọ bẹ Bọ̀dá mi. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní òun á rò ó. Mo ní kó máa rò ó, mo wà nílé.

Mo pe Bọ̀dá, mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Má dá iṣẹ́ dúró nítorí ìyẹn. Tó bá wá, á bá mi nílé. Tí kò bá wá, mo mọ ọ̀nà ilé ẹjọ́." Ó ní kó má ṣe mí bíi pé òun ń ṣàwàdà.


Ọjọ́ Ẹtì, 22

Ó fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Kò tíì lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá mi.


Ọjọ́ Ajé, 25

Ìyá Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí. Ó dé ṣáájú gbogbo wa. Bàtà aláwọ̀ dúdú tó ń dán, báàgì, rúlà onígi. A ti kó gbogbo ẹrù kúrò ní yàrá ìkẹ́rùsí, a fi aṣọ tó nípọn bo ògiri kí ariwo má wọlé. Tábìlì kan, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ó wo àwọn tó fẹ́ kà á. Tí ọ̀rọ̀ bá wọ́, rúlà kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan: tún un kà. Lẹ́ẹ̀mejì: ó tó, máa lọ. Akéde kan wọlé pẹ̀lú kóòtù àti táì, ohùn rẹ̀ ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò ka ìlà mẹ́ta tán. Kọ́-kọ́. Ẹnì kejì ń fi ohùn ṣe yangà. Kọ́-kọ́. Ẹnì kẹta béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ìyá yìí tilẹ̀ gbọ́ ohun tí òun ń kà. Rúlà dáhùn fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan wọlé, ọmọge tí kò ga, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bàtà ọsibítù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò ga. Ó kà á bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Kọ́. Ó tún un kà. Kọ́. Ó tún un kà. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo rò pé á dìde lọ. Kò lọ. Ó mí kanlẹ̀, ó wo ojú Ìyá Olùkọ́ dípò ìwé, ó kà á fún un.

Rúlà ò kan tábìlì.

Ìyá Olùkọ́ fẹ̀yìn ti àga. Ó nawọ́ sí mi: gbà á sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ṣí ilẹ̀kùn, aago lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ní kí á ṣe é kíá, àwọn ará ilé ìwòsàn ń retí, kí ló ń —

Ìyá Olùkọ́ kò yíjú. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, àtẹ́lẹwọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì.

Ọ̀gá pa ẹnu dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì ń kà á lọ.